Ẹni Tí Kò Kú Rí Láàárín Òpó Mẹ́rin

Ọyẹ́ ló mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọyẹ́ gidi, kì í ṣe irú èyí tó ń yọjú lóde òní tó sì ń sá padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Kùrukùru ti bo ojú irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Òṣòdì. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ kọjá, a ò rí i, ariwo rẹ̀ nìkan la gbọ́, ilẹ̀ sì gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bó ṣe máa ń gbọ̀n. Omi inú ìkòkò tutù débi pé bí mo ṣe bù ú bójú, eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi òrí ra ẹsẹ̀ èmi àti àbúrò mi Àjọkẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ tó bá sán lásìkò ọyẹ́, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ó sọ ọ́ tán, ó wá ní, “Èmi ni wọ́n máa bú.” Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ tí kò sí ilé ìwé, ọjọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀kọ máa ń pọ̀ jù lọ. Ẹ̀kọ tútù ni Ìyá Àgbà ń ṣe tà. Láti ìdájí ni iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò ńlá lẹ́yìnkùlé, tí òun á máa fi orógùn ro ògì, tí ògì á máa hó pùtùpùtù bí ẹni tó ń ráhùn lábẹ́nú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa nu ewé eéran, iwájú àti ẹ̀yìn, kí n sì máa tò ó sínú agbọ̀n. Àjọkẹ́ wà lẹ́yìn mi. Ó ti lè rìn dáadáa, ó ti ń sọ̀rọ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti mú, ẹ̀yìn mi ló máa ń fẹ́ wà, èmi náà sì fẹ́ràn ìgbóná ara rẹ̀. Ẹ̀kọ tó bá ya nígbà tí wọ́n ń pọ́n ọn, tiwa ni. A ó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, gbígbóná, kó tó dì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyá wa níbí kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó lè yé yín. Ọjọ́ tí ìyá wa bí Àjọkẹ́ ló kú. Mo ti gbọ́n díẹ̀ nígbà náà. Mo rántí ọwọ́ rẹ̀, mo rántí bó ṣe máa ń fa irun mi le tó bá ń dì í, mo rántí ìró sálúbàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó lè ya ọmọ ìsinsìnyí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé á mọ̀ pé kò ṣòro kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é nígbà tó wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ó di Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Bàbá mi ń pè é ní Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kiri kẹrosíìnì ń pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ló ń jẹ́ títí tó fi kú. Àwọn èèyàn tirẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, àwọn ìyókù wá sìnkú, wọ́n padà, a ò rí wọn mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọn ò tiẹ̀ pè é ní Ìyá Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Wọ́n á kàn fi ẹnu júwe mi, wọ́n á ní “ìyá eléyìí”. Ọ̀fọ̀ ni, Ìyá Àgbà ò sì fẹ́ kí wọ́n máa dárò lójú bàbá mi, nítorí bí wọ́n bá ti mẹ́nu kàn án báyìí, bàbá mi ò ní lè parí oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, olùkọ́ wa ní kí kálukú dìde kó sọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó kàn mí, mo dìde, mo ní, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, sà.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní, “Àbẹ̀kẹ́, tìẹ nìyẹn. Èyí tí wọ́n sọ ìyá ẹ gan-an ńkọ́?” Mo délé, mo bi Ìyá Àgbà, ó ní kí n lọ gbé agbọ̀n wá. Mo bi Àǹtí Dúpẹ́, ó ní òun kéré nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, Ìyàwó lòun gbọ́. Bàbá mi ni mi ò lè bi. Mo wá ń rìn káàkiri inú ilé bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, tí kò sì mọ bí nǹkan náà ṣe rí.

Àǹtí Dúpẹ́ yìí ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi. Ó ń lọ sílé ìwé ńlá lọ́nà Ìsọlọ̀, eré kan sì ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀ lọ́dún náà, ráúndàsì ni wọ́n ń pè é, eré àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé. Wọ́n á ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ yípo. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíì á fi igi gbá a, á sì fi eré sí i, á máa sáré láti òpó dé òpó títí á fi délé, ibi tó ti gbá a. Bí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù náà lójú òfuurufú, tàbí tí wọ́n fi kan òpó kí ẹni tó ń sáré tó dé ìdí rẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é. “O ti kú, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́!” A kì í ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ọyẹ́ yẹn, Àǹtí Dúpẹ́ ń bá wọn pọ́n ẹ̀kọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ Èjìgbò kan, Rísìkátù, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ló ń sọ.

“Láyé tí a wà yìí,” ó ní, “kò tíì sí ẹni tó mọ ráúndàsì gbá bíi Rísì. Àtijọ́ o, ìsinsìnyí o, kò sí.”

Ìyá Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, ó háyà yàrá tó wà lẹ́bàá kànga wa, ó sì máa ń wá bá Ìyá Àgbà pọ́n ẹ̀kọ láràárọ̀ Sátidé kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. “Àtijọ́ wo lo mọ̀, Dúpẹ́? Àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń nùdí fún ẹ?”

“Ẹ má bínú o, Ìyá Káyọ̀dé, ẹ̀yin náà gbá a ni? Pẹ̀lú ìdí yìí?”

“Ìdí yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dé.”

Ìyá Àgbà ní “Dúpẹ́, ẹnu ẹ!” ṣùgbọ́n òun náà ti ń rẹ́rìn-ín sínú èéfín. Àǹtí Dúpẹ́ ò dákẹ́. Ó ní ìgbà tiwọn yẹn, pápá ò tóbi, pé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń jù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ju ọmọ ayò, pé bí wọ́n bá gbé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé ijọ́un síwájú Rísì, ẹkún ló máa sun. Ìyá Káyọ̀dé ní, “Bọ́ọ̀lù tiyín, ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rà á, fúnra rẹ̀ ló ń ta. Tiwa, àkísà ni, a fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì í títí ó fi le bí òkúta. Ẹni tó bá gbá ìyẹn tó lọ jìnnà, apá ló gbá a, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.” Ìyá Àgbà náà fi tirẹ̀ kún un, ó ní láyé tòun kò sí igi kò sí òpó, ẹni tó bá ru igi ìdáná láti oko délé láìsọ̀ ọ́, òun ló borí. A rẹ́rìn-ín. Àjọkẹ́ tí kò mọ nǹkan kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní eegun ẹ̀yìn mi.

Mo máa ń rántí àríyànjiyàn yìí tí ọmọ mi ọkùnrin bá pè mí láti Amẹ́ríkà. Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé báyìí, fóònù ló sì ń so wá pọ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tèmítọ́pẹ́, ti gbájú mọ́ eré kan tí wọ́n ń pè ní béésíbọ́ọ̀lù. Ọmọ náà fi hàn mí lórí fóònù, mo ní, “Ráúndàsì mà nìyí!” Ó ní, “Màmá, kì í ṣe ọ̀kan náà o.” Mo jẹ́ kó rí bó ṣe wí. Ìjà wọn ni pé ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù. Bàbá á ní ẹnìkan tó ti kú kí wọ́n tó bí èmi alára ni. Ọmọ á ní rárá, ẹni tó ń gbá a lónìí ni, pé láyé àtijọ́ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ò le. Mo bi wọ́n pé, “Àwọn méjèèjì yìí, ṣé wọ́n pàdé rí?” Wọ́n ní rárá, báwo ni wọ́n ṣe máa pàdé. Mo ní, “Ta ló wá máa dá ẹjọ́ náà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín tó wọn. Ẹni tó ti kú ò lè dìde wá gba igi kó fi ohun tó mọ̀ hàn. Ẹnu ẹni tó rí i ló kù fún un, bí ẹnu náà bá sì dákẹ́, ó parí. Bí wọ́n ṣe ń jà níbẹ̀, èmi ti padà sídìí ìkòkò ẹ̀kọ.

Àǹtí Dúpẹ́ ti fi ìgbákọ sílẹ̀. Ó dojú kọ Ìyá Káyọ̀dé. “Ó dáa, ẹ dárúkọ ẹnìkan. Ẹnìkan péré nígbà tiyín tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rísì.”

“Mo lè dárúkọ ẹ̀.”

“Ẹ dárúkọ ẹ̀ ká gbọ́!”

“Dúpẹ́, fi mí sílẹ̀, jẹ́ n pọ́n ẹ̀kọ mi.” Ó wojú mi fìrí, ó sì gbójú kúrò.

“Ẹ rí i? Kò sí! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì pa Rísì láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ fi ẹni tí wọ́n pa lẹ́ẹ̀kan péré hàn mí nígbà tiyín.”

“Ẹ̀ẹ̀kan lo ní?” Ìyá Káyọ̀dé na ìka sókè, ohùn rẹ̀ ti ròkè. “Ìbíwùmí ò kú rí! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Ìbíwùmí ò kú rí!”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kí etí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jábọ́, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú eérú. “Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹnu mi ni. Eré ni mò ń sọ, Màmá, ọ̀rọ̀ eré ni.” Àǹtí Dúpẹ́ ò lè gbé ojú sókè. Ìyá Àgbà ń ro ògì rẹ̀ lọ, nítorí ògì kì í dúró de ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Ó le kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Mi ò gbọ́ orúkọ náà rí, síbẹ̀ ó dà bíi pé ẹnìkan pe èmi. Mo ní, “Ta ni Ìbíwùmí?” Mo tún un bi. Ìyá Àgbà wá gbé orógùn kúrò nínú ìkòkò, ó gbé e sórí ìdérí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.

“Ìyá ẹ ni,” ó ní. “Ìbíwùmí ni wọ́n sọ ọ́.”

Ìgbà tí mo dàgbà tán tí èmi náà ti bímọ ni Ìyá Àgbà tó sọ ìyókù fún mi. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan ló pa orúkọ náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ìbí wù mí, orúkọ ayọ̀ ni, orúkọ tí àwọn òbí fi ń dúpẹ́. Ìbí náà ló sì wá pa ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ pè é, ó máa ń dà bíi pé òun ń fi òkú ṣẹ̀sín, ni òun bá ń gbé e mì.

Lọ́jọ́ yẹn ó kàn sọ fún Ìyá Káyọ̀dé pé, “Dìde, ilẹ̀ tutù. O ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sọ ọ́ tán. Mi ò mọ̀ pé ó gbá nǹkan kan rí. Ẹni tí mo mọ̀, ẹ̀kọ ló ń bá mi pọ́n.” Ìyá Káyọ̀dé jókòó sórí àpótí, ó fi gèlè nu ojú. Ó ní àwọn jọ lọ sílé ìwé ni, nígbà tí ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tó mú un wá láti ìlú sí Ṣógúnlé, àti pé ọwọ́ òsì ló fi ń gbá igi. Nínú kíláàsì, wọ́n ń na ọwọ́ òsì yẹn kó má baà fi kọ̀wé. Lórí pápá ẹ̀bá ojú irin, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ò mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa jù ú sí. Á ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, á tú itọ́ sílẹ̀ bí ọkùnrin, á sì gbá a. “Màmá, tó bá ń sáré, àfi bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun kọjá. Bọ́ọ̀lù kan wà tó gbá tó bọ́ sínú wágúnù ọkọ̀ tó ń lọ. A ní ó dìgbà tó bá dé Kánò.” Mo dúró, mo ń gbọ́. Ìyá tí mo mọ̀ ń dìrun fún mi. Èyí tí wọ́n ń sọ yìí ń tutọ́, ń sáré, kò sì jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni.

“Ó kú lẹ́ẹ̀kan.”

Bàbá mi ló sọ̀rọ̀. A ò mọ̀ pé ó ti dé. Lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe ló wà, ó sì máa ń tètè ṣíwọ́ ní Sátidé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, eruku ọyẹ́ ti fún un ní irùngbọ̀n funfun. Ìyá Àgbà ní, “Bánkọ́lé.”

“Ó kú lẹ́ẹ̀kan,” ó tún un wí. “Ojú mi ló ṣe. A ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá pápá yẹn, mo ti ń wò ó tipẹ́, mo ti wádìí orúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó gbá a, ó sáré kọjá òpó kìíní, ó kọjá ìkejì. Mo pè é. Mo kígbe, Ìbíwùmí! Ó yíjú wò mí. Kó tó dé ìdí ìkẹta, bọ́ọ̀lù ti kan òpó. Èmi ni mo pa á.”

Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ eré ló ń sọ. Mo ti di ìyá ọmọ, mo ti di ìyá àgbà, mo sì mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gbé ẹrù méjì lórí. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìyá Káyọ̀dé fò sókè, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń pariwo bí ẹni tó ń jà. “Kò kà! Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ yẹn ò kà! Ẹ pè é sẹ́yìn ni! Tí wọ́n bá pe èèyàn ní orúkọ, ṣé kò ní wẹ̀yìn ni? A bá wọn jà lọ́jọ́ náà pé kò kà!”

“Ó kà. Bọ́ọ̀lù kan òpó.”

“Kò kà!”

Àǹtí Dúpẹ́ ló wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. “Bọ̀dá mi, tí ẹni tó wà níta bá pe ẹni tó ń sáré, kì í kà. Ní tiwa náà, kì í kà. Wọ́n á ní kó tún un gbá ni.”

Bàbá mi wò ó. Ó wo Ìyá Àgbà, bí ọmọdé ṣe ń wo ẹni tó máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbé orógùn padà, òórùn jíjó ti ń jáde nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n kò bojú wò ó. Ó ní, “Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí wọ́n bá fà á, èèyàn á dúró. Ẹni tó pè é ò ṣẹ̀, ẹni tó dúró ò ṣẹ̀. Èmi ò mọ eré yín, mo kàn ń dá ẹjọ́ tó wà níwájú mi ni. Kò kà. Bánkọ́lé, ṣé o gbọ́? Mo ní kò kà. Lọ wẹ̀, kó o wá jẹun.”

Ó lọ wẹ̀. Omi dà lórí sìmẹ́ńtì fún ìgbà pípẹ́, ju omi tó gbé wọlé lọ, lójú tèmi. Ó wá jókòó, wọ́n gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ sí i níwájú, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀kọ ọjọ́ náà ní òórùn èéfín nínú, àwọn oníbàárà wa ráhùn títí di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà sì bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ ìdí rẹ̀. Mi ò gbọ́ kí Àǹtí Dúpẹ́ tún pe Rísì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. “Nínú àwọn tó ṣì ń gbá a” ni ó máa ń kọ́kọ́ wí. Pápá yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí, wọ́n ń ta táìlì àti ilẹ̀kùn onírin níbẹ̀, mo sì máa ń kọjá níbẹ̀ bí mo bá ń lọ kí ènìyàn ní Ṣógúnlé. Tí wọ́n bá bi mí lónìí pé ta ló mọ ráúndàsì gbá jù, màá ní Ìbíwùmí. Mi ò rí i kó gbá a lẹ́ẹ̀kan rí. Mo sì mọ̀ pé ọmọ Rísì, bó bá wà níbì kan, á ní irọ́ ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo tú Àjọkẹ́ kúrò lẹ́yìn mi, mo gbé e jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo sọ fún un pé ìyá wa ní orúkọ. Mo pè é fún un. Ó wo ẹnu mi, ó ní, “Bíwùmí.” Mo ní rárá, ó kù síbẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo tún un pè, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé mi títí ó fi pé. “Ìbíwùmí.” Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí.